Ẹrù Ṣẹ́fíìdì

Fọyinsọ́lá, wá bá mi di ẹnu àpò yìí mú.
Ẹrù ni mo ń dì láti àárọ̀,
ìyá rẹ ní ẹ̀rù ló ń bà mí.
Àmì ohùn kan péré ló wà láàárín àwa méjèèjì.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, wọ́n wí bẹ́ẹ̀,
ṣùgbọ́n ẹni tó wí i kò tíì gun òkè Ṣẹ́fíìdì
nínú òjò oṣù kọkànlá.
Fi bàtà onígìgísẹ̀ yẹn sílẹ̀.
Mú sálúbàtà onírọ́bà: ilé ìwẹ̀ tí ènìyàn mẹ́fà ń lò,
a kì í fi ẹsẹ̀ lásán wọ̀ ọ́.
Wáyà oníhò mẹ́rin, torí ihò iná kan ṣoṣo ni yàrá rẹ ní,
ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n sì fi pamọ́ sí.
Òrí inú ike. Ọyẹ́ ibẹ̀ kò ní eruku,
síbẹ̀ ó mọ awọ ara í bó.
Abẹ́rẹ́, òwú dúdú, òwú funfun.
Ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù rẹ; má fi ojúlówó ṣeré.
Lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́,
kí ikọ́ tó kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Nígbà tí èmi dé ìlú yìí, àpò kan ni:
kóòtù ẹ̀gbọ́n mi, ìwé ẹ̀rí mẹ́ta,
àti síbí kan tí n kò mọ ẹni tó fi í síbẹ̀.
Síbí yẹn ni mo fi jẹun oṣù mẹ́rin ní Gílínhàmù.
N kò ní sọ ìyókù. O ti ń yíjú.

Ìyá rẹ ní ìkòkò méjì. O ní ọ̀kan tó.
Ẹ jà lórí ìkòkò láti Mẹ́díwè títí dé Lẹ́sítà.
N kò gbè sẹ́yìn ẹnìkankan;
ẹni tó ń wakọ̀ kò ní ẹnu ọ̀rọ̀.

A dé. Ìkìlọ̀ wà lára ilẹ̀kùn:
kò sí àbẹ́là, kò sí ẹ̀rọ ìse-ìrẹsì.
Ìyá rẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì,
ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìse-ìrẹsì.
Nínú kíṣìnnì, ọmọbìnrin kan jókòó lórí àpò rẹ̀,
Jódì, ará Grímsìbì. Bọ́ọ̀sì ló wọ̀, òun nìkan.
Kò ní ìkòkò.
Kò ní ẹni tó bá a jà lórí ìkòkò.
O ò wo ojú wa, Fọyin.
O gbé ìkòkò kejì lé sítóòfù,
o sọ fún un pé, “Tiwa ni.”
Ìyá rẹ yíjú sí fèrèsé, ó ní òkè yìí mà dára o.

Kọ orúkọ rẹ sára mílíìkì. Wọn yóò mu ún náà ni.
Tí o bá fẹ́ dín dòdò, ṣí fèrèsé, ti ilẹ̀kùn;
bí agogo iná bá ké lóru,
igba ènìyàn yóò dúró nínú òtútù pẹ̀lú aṣọ ìsùn,
gbogbo wọn yóò mọ orúkọ rẹ lọ́jọ́ kan.
Owó tó wà nínú ìbọ̀sẹ̀ búlúù, má ná an.
Owó ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ wálé ni mo wí,
ọjọ́ yòówù, n kò ní bi ọ́ ní ìdí.

Nígbà tí a ń padà, nǹkan ń ró kọlọkọlọ nínú búùtù
ní gbogbo kọ́nà. Mo rò pé ẹ́ńjìnnì ni.
Ní ilé epo mo ṣí i wò:
ìṣágolo ni.
Agolo ẹ̀wà mẹ́rìnlélógún ni mo dì fún ọ.
Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀,
ẹ̀rín dúró, omi kò dúró.

Aago mẹ́wàá alẹ́, fóònù dún:
Jódì ní ìṣágolo. A ti ń jẹun.
Dádì, iyọ̀ dà?