Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́ Àbọ̀

Ní Calama, òjò kì í rọ̀.
Eruku ni ń bá wa jí, òun ni ń bá wa sùn,
eruku bàbà tí ọkọ mi ń gbé bọ̀ láti ibi ìwakùsà
nínú irun imú, nínú ìtẹ̀lẹ̀ bàtà.
Ọjọ́ méje lókè, ọjọ́ méje nílé.
Ọjọ́bọ̀ ni bọ́ọ̀sì ń já wọn sílẹ̀ lẹ́bàá ilé epo.

Èmi, Nolfa, tẹlifóònù pàjáwìrì niṣẹ́ mi.
“Ilé ń jó.” “Ọmọ mi ò mí mọ́.”
Wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́
mo ń fi ohùn jẹ́jẹ́ pàdé igbe ẹlòmíì,
n óò wá ru igbe náà relé nínú èjìká.

Ọdún tí ìyá Rosamel kú,
tí báǹkì ń kọ lẹ́tà sí wa bí ẹni ń kọ̀wé sí olólùfẹ́,
ẹ̀yìn la kọ síra wa lórí ibùsùn.
Oṣù mọ́kànlá. Mo kà á.
Kì í ṣe pé a jà. Ó rẹ̀ wá ni.
Ó rẹ̀ wá débi pé a gbàgbé ohun tó ń tu ni lára.
Ife kan bọ́, ó fọ́,
mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nílé ìdáná,
mo sunkún ife bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.
Dókítà fún mi lóògùn oorun.
Kò bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ń fọwọ́ kàn mí.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹjọ, òtútù mú,
omi gbígbóná inú táńkì ò ju ti ẹnì kan lọ.
Mo ní, “Jẹ́ ká jọ wẹ̀ ẹ́.”
Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ẹni àádọ́ta ọdún,
ikùn ń kan ikùn, orúnkún ń lu ògiri,
a ń rẹ́rìn-ín bí olè tó ṣìnà nínú ilé tó wá jà.
Mo fi kànìnkànìn fọ eruku ẹ̀yìn rẹ̀
títí ara fi yọ lábẹ́ eruku, ara tí mo mọ̀.
Ohun tó tẹ̀lé e, aṣọ ìbora ló mọ̀ ọ́n.
Kí n ṣáà sọ pé a ò kánjú,
pé ó bi mí, “Ṣé ibí ni?” mo ní, “Sún díẹ̀,”
pé ajá Señora Uberlinda gbó títí nítorí ohùn mi,
pé mo sùn láìlo oògùn, tẹnu-tẹnu ní lílà.

Lọ́jọ́ kejì, gbèsè wà níbi tó wà.
Ọ̀gá mi jágbe mọ́ mi nítorí ìṣẹ́jú méjì.
Mo wò ó, mo rí i pé bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ti já,
àánú rẹ̀ ṣe mí.
Ọ̀rọ̀ tí ì bá gún mi dọ́kàn lọ́sẹ̀ tó kọjá
yọ̀ bọ́ lára mi bí omi orí ewé kókò.
Ta ló tẹ́ tìmùtìmù sáàárín èmi àti ayé?

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Kì í ṣe egbòogi.
Ọjọ́bọ̀ mìíràn wà tí ara rẹ̀ kọ̀, tàbí tèmi,
ẹsẹ̀ tútù lásán la fi ń kan ẹsẹ̀ tútù.
Ọjọ́bọ̀ kan, owó gáàsì la fi jà mọ́jú.
Ṣùgbọ́n ara ti mọ ọ̀nà padà.

Àwọn tó ń kọ́lé níhìn-ín máa ń wí
pé ilé tó bá le koko ni ìmìtìtì ilẹ̀ ń wó;
ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un, kó lè jó díẹ̀.
Ilẹ̀ mì lóru àná, aago mẹ́rin ku díẹ̀.
Ife ń lu ife nínú kọ́bọ́ọ̀dù, gílóòbù ń fì.
Èmi ń ka: ení, èjì, ẹ̀ta…
Rosamel ò jí. Ó nawọ́, ó gbé e lé itan mi
bí ẹni gbé òkúta lé ìwé kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ.

Aago mẹ́fà, mo ti dé ibi iṣẹ́.
Iná ń ṣẹ́jú lórí gbogbo ẹ̀rọ.
Mo gbé àkọ́kọ́: “Mo ń gbọ́ ọ. Rọra mí.
Mi ò lọ síbì kankan.”