Àbẹ̀wò Tí Kò Sí Nínú Òǹkà

Èmi ni wọ́n gbà ní yunifásítì ìlú Kaarnavesi
láti máa tẹ ohùn àwọn arúgbó sórí ìwé.
Owó wákàtí ni wọ́n ń san.
Mo máa ń fi ẹ̀rọ bo etí mi méjèèjì,
mo máa ń gbọ́ bí ṣíbí ṣe ń kan ife,
bí aago ara ògiri ṣe ń jẹ àkókò díẹ̀díẹ̀,
bí ẹnì kan ṣe ń mí kó tó dáhùn.

Ìwádìí méjì ni, yàrá méjì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan.
Ní yàrá apá òsì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Torsti Haapakorva,
ọkùnrin tí bàtà rẹ̀ kì í gbẹ,
ti ń lu ihò sí adágún láti ọdún mẹ́tàlélógún,
ó ń ti ọ̀pá bọ inú yìnyín, ó ń kọ nọ́ńbà.
Lọ́dún àkọ́kọ́, yìnyín nípọn tó orúnkún.
Lọ́dún tó kọjá, kò ju fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ lọ.
Lọ́dún yìí, Torsti dúró létí omi, ọ̀pá lọ́wọ́,
bí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dé ilé tí wọ́n ti wó.

Ní yàrá apá ọ̀tún, Hilppa Suonperä ń ka ẹsẹ̀.
Kì í ṣe ẹsẹ̀ ìwé o, ẹsẹ̀ ènìyàn:
ta ló wá kí yín lọ́sẹ̀ yìí, ṣé ó jókòó pẹ́?
Ó ń ti erékùṣù kan bọ́ sí èkejì pẹ̀lú ìwé ìbéèrè
àti búrẹ́dì aládùn tí kò sí nínú ètò ìwádìí.

A ò mọ̀ pé ìwádìí kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe
títí di ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe wèrè,
tó da ìwé àwọn méjèèjì pọ̀ sínú agbọ̀n.
Torsti mú ìwé Hilppa, ó rò pé tòun ni.
Ìlà náà ń sọ̀ kalẹ̀ bí tirẹ̀,
ọdún kan náà ló ti ṣẹ́, bí ẹ̀ka igi.
Ó wo òkè ìwé. Kò rí “yìnyín” níbẹ̀.
“Àbẹ̀wò” ló rí.

Nítorí yìnyín ni ọ̀nà.
Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí Lyyti ṣe sọ ọ́, téèpù kẹtàdínlógún:
“Nígbà ooru, omi ló pín wa níyà, kálukú ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.
Tí omi bá dì ni a tó di ará ilé kan náà.
Oiva á fẹsẹ̀ rìn kọjá, á gbé ẹja wá,
á jókòó sórí àga yẹn, kò ní sọ nǹkan kan.
Ó máa ń dùn mọ́ mi.
Nísinsìnyí, adágún ò gba ẹsẹ̀, kò gba ọkọ̀.
Ó ń pè mí lórí fóònù.
Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, kí ló fẹ́ fi fóònù ṣe?”

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Téèpù dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀.
Mo bi Hilppa bí mo ṣe máa tẹ èyí.
Ó ní kí n kọ “ìdákẹ́jẹ́” sínú àkámọ́.
Mo kọ ọ́. Kò tó.

Ìwé náà jáde lóṣù kẹta, ojú ewé mọ́kànlélógójì.
Ìlànà wà lójú ewé kẹsàn-án:
àbẹ̀wò olùwádìí kò sí nínú òǹkà.
Ó tọ̀nà. Ẹni tó ń wọn omi kì í bu omi kún un.

Hilppa mú ẹ̀dà kan lọ fún Oiva.
Oiva fi èékánná tọ ìlà náà dé ìsàlẹ̀.
“Ta ló máa kà á?” ohun tí mo gbọ́ nìyẹn.
N kò mọ̀ bóyá ìwé ló ń sọ,
tàbí ìjókòó tí wọ́n jọ jókòó lọ́jọ́ náà.

Lóṣù kẹrin, mo wọkọ̀ ojú omi lọ dá fọ́tò Lyyti padà.
Kàlẹ́ńdà báńkì kan wà lára ògiri ilé ìdáná rẹ̀,
ó fi pẹ́ńsù sàmì sí ọjọ́ tí àlejò bá dé.
Àmì méje. Gbogbo méjèèje, Hilppa ni.
Ó bi mí lórúkọ, kò gbọ́ ọ dáadáa,
ó fa ìlà kan síbẹ̀ náà.
Kọfí ń hó.
Mo jókòó sórí àga yẹn. N kò sọ nǹkan kan.