Nọ́ńbà Ara Ọkọ̀

Ọ̀dà kíkùn ni iṣẹ́ mi ní etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́.
Bí ẹ bá rí ọkọ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà gàdàgbà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́,
ọwọ́ mi ni.
Èmi tí mo sá kúrò nílé-ìwé ní kíláàsì kẹta,
tí tíṣà fi pàṣán kọ́ ní eéje
títí eéje fi di àpá lójúgun mi,
mo ti búra pé ọmọ tèmi
kò ní fi ẹkún mọ oókan.

Másùúdù pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà ọyẹ́.
Ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá:
oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ó ti sáré dé ogún,
ó fo ẹẹ́tàlá bí ẹni fo kòtò.
Ṣùgbọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí o ní, "Èwo nìyí?"
Á wo ojú rẹ, á wo ilẹ̀,
á ní ebi ń pa òun.

Kíkà ni a ń ka owó, kíkà náà ni a ń ka ìwé.
Ẹnu ọmọ mi ti kà á,
ojú rẹ̀ kò tíì kà á.
Bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn aládùúgbò láti ẹ̀yìn ògiri
tí wọn kò pàdé rí.

Mo da iyanrìn sórí páálí, mo na ìka.
Oókan rèé, ọ̀pá tí a fi ń ti ọkọ̀,
kò tẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.
Eéjì, pẹ́pẹ́yẹ Ìyá Kúbúrá ló wẹ̀ wá yìí.
Ẹẹ́ta, etí. (Ó fọwọ́ kan tirẹ̀.)
Ẹẹ́rin, àga tí ẹnì kan dojú rẹ̀ dé.
Aárùn-ún yọ ikùn, ó sì dé fìlà.
Ẹẹ́fà gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀,
ẹẹ́sàn-án rù ú sórí.
Ẹẹ́jọ, akèrègbè, wo bí ìbàdí rẹ̀ ṣe há.
Ó ní, "Bàbá, ẹ fo eéje."
Mo ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni.
Mo fà á sínú iyanrìn, n kò mọ ohun tí ǹ bá pè é.
Ọmọ wò ó títí.
"Ìgúnpá yín ni, nígbà tí ẹ bá ń kùn ọkọ̀."
Mo wo ìgúnpá mi.
Òótọ́ ni.

Láti ọjọ́ náà ni eré ti bẹ̀rẹ̀.
Kúbúrá wá, Ìdáyátù wá,
Jímọ̀ tí imú rẹ̀ kì í gbẹ náà wá.
N ó pariwo, "Ẹẹ́rin!"
wọn ó sáré lọ fọwọ́ kan ọkọ̀ tó ni ẹẹ́rin.
Ẹni tó bá gbà á, ẹ̀pà méjì.
Ẹni tó bá ṣì í, kí ó kọ bí àkùkọ.
Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé
etí ọ̀sà ti di ilé adìyẹ,
àwọn apẹja ń bú wa, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ó di ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀, mo ní, "Ẹẹ́fà!"
Gbogbo wọn ya lọ sídìí ọkọ̀ Àlùfáà Sàlíù,
ibẹ̀ ni ẹẹ́fà ń gbé.
Másùúdù dúró.
"Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀."
Wọ́n ní kí ó kọ bí àkùkọ.
Ó ní òun kò kọ.
Omi ti lé sí i lójú,
mo sì rántí ojúgun mi.

Mo nu ọwọ́, mo rìn lọ wò ó.
Wọ́n ti dojú ọkọ̀ náà dé láti dí ihò ìdí rẹ̀,
ó da ikùn sókè bí ẹja tó kú,
ẹẹ́fà mi, tí mo kùn ní funfun báláú,
ti gbé ẹrù rẹ̀ rù.

Èmi tí mo kọ nọ́ńbà náà
ni mo kọ bí àkùkọ.
Mo kọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà lójú omi fi yíjú padà.

Kò tiẹ̀ dúró gba ẹ̀pà.
Títí ilẹ̀ fi ṣú
ó tẹ̀ ba sórí iyanrìn,
ó ki orí bọ àárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀,
ó ń wo gbogbo ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.