Wọ́n Fi Oró Wá Oró

Ọdún tí kajú so bí ẹni ń bínú
lóko wa lọ́nà Ìkòyí,
àkeekèé dúdú kan jáde lábẹ́ ewé gbígbẹ,
ó ta ìyá mi lọ́mọ-ìka ẹsẹ̀.
Wọ́n fi àlùbọ́sà ra á. Kò sùn.
Èmi gbé igi, mo lu kòkòrò náà títí ó fi kúnná.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí.
Mo rò pé mo ti gbẹ̀san.

Ẹ wá wò ó lónìí, ọ̀rọ̀ ń sọnù lẹ́nu ìyá mi.
Ó pe ṣíbí ní “nǹkan ọ̀hún”,
ó pe èmi Àtàndá lórúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú.
Wọ́n ní jẹjẹrẹ ba sínú ọpọlọ rẹ̀
bí ayálégbé tí kò sanwó, tó tilẹ̀kùn mọ́rí.

Dókítà Ọláòníyè ní oró àkeekèé làwọn yóò fi wá a.
Mo dìde. Ẹni tí ejò bù jẹ rí ń sá fún ekòló,
ẹ wá fẹ́ rọ ejò gan-an sínú abẹ́rẹ́?

Ó ní ègé bíńtín ni, wọ́n ti yọ ìkà inú rẹ̀,
ojú tó fi ń dá jẹjẹrẹ mọ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀.
Wọ́n so fìtílà kan mọ́ ọn nídìí
tí ojú lásán ò lè rí, tí yóò kú fúnra rẹ̀.
Á máa rìn nínú ẹ̀jẹ̀, á kọjá níwájú ilé ẹni rere,
tó bá dé ilé ọ̀daràn, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní: ṣé kò ní dùn ún?
“Kò lè tó ti ìdí kajú,” ni ìyá mi wí.
Gbólóhùn kan ṣoṣo tó pé lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nọ́ọ̀sì Fadérera lé mi síta, nítorí ìtànṣán.
Mo jókòó lábẹ́ máńgòrò, mò ń ṣọ́ ewé gbígbẹ.

Nígbà tí wọ́n pè mí, orí ìyá mi wà lójú ẹ̀rọ,
ó dúdú bí Ògbómọ̀ṣọ́ lóru tí Nẹ́pà múná lọ,
àfi ibì kan lápá òsì
tó ń tàn bí ẹni gbé fìtílà dání nínú oko.
“Òun rèé,” ni dókítà wí.
Kò sọ pé yóò sàn.

Wọ́n máa ń ní ká má foró yaró.
N ò mọ̀ bóyá ohun tí a ṣe nìyẹn.
Mo kàn ń bẹ kòkòrò tí mo lù pa lọ́jọ́ sí
pé kó jọ̀ọ́,
kó má kúrò lẹ́nu ọ̀nà yẹn.