Èyí Tó Kù Lọ́mú

Ní Ṣíkà, lẹ́yìn Sàríà, níbi tí ọyẹ́ ti ń la ètè,
ìgò ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́kànlá ló tò sórí tábìlì mi,
orúkọ obìnrin kan lára ìgò kọ̀ọ̀kan.
Mo bu ásíìdì, mo bu wàrà lé e,
ó gbóná lọ́wọ́ mi bí ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé.
Mo kó wọn sínú ẹ̀rọ tí í yí bí òòyì.
Ẹ̀rọ dúró. Ọ̀rá yọrí,
ó gun ọrùn ìgò, ó ń tàn bí òróró ẹ̀pà,
mo sì ń kà á, ìlà kan, ìlà méjì,
bí ẹni ń ka ìka ọmọ tuntun.

Márùn-ún ni ti Yelwa. Ti Dàso lé díẹ̀.
Ti Takkó: méjì ààbọ̀.
Mo tún un ṣe. Méjì ààbọ̀.
Mo mú bírò pupa, mo kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀:
OMI.
Lẹ́tà mẹ́ta péré,
ó tó láti gba owó oṣù kan lọ́wọ́ ènìyàn.

Ọmọ Ìgànnà ni mí.
Ìyá mi a máa ra wàrà lọ́wọ́ àwọn ará gáà,
a gé e wò, a gbọ́ bó ṣe ń ké kín-ín láàárín eyín,
a ní, "Èyí mu ewé bomubómu jù,"
tàbí, "Ọmú rere lèyí ti wá."
Kò ní ásíìdì, kò ní ẹ̀rọ,
n kò sì gbọ́ kó pe ẹnikẹ́ni lólè rí.

Takkó dé ní Ọjọ́bọ̀, igbá lórí, eruku dé orúnkún.
Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ àwọ̀ bírò.
Ó sọ ọ́ ní Fúlàní, Ládì agbálẹ̀ gbé e sí Haúsá,
Haúsá tèmi gbé e wá sí Yorùbá,
ó ti ń tiro kó tó dé:
"Ẹ sọ fún aláṣọ funfun yìí
kó wá kí màálù mi kó tó kí ìgò."

Mo lọ ní ìdájí, òkùnkùn dúdú bí ìdí ìkòkò.
Wọ́n tú ọmọ màálù, ó sáré,
ó fi orí kan ọmú ìyá rẹ̀ gbùà! Wàrà sọ̀.
Wọ́n fà á kúrò, wọ́n so ó mọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.
Takkó lóṣòó, ó ń fún ọmú, ṣọ̀rọ̀, ṣọ̀rọ̀, sínú igbá.
Nígbà tí ìfófòó bẹ̀rẹ̀ sí í ki,
tí òórùn òrí-àmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde,
ó dìde.
Ó tú okùn.
Ọmọ màálù padà sídìí oúnjẹ, ó ń ju ìrù fìrìfìrì.

Mo ti kà á nílé ìwé. Mo kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo yege:
wàrà àkọ́fún, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀,
ìkẹyìn lọ̀rá ń gbé.
Mo kà á. N kò rí i.
"Pòròpórò ni ìyá yìí ń jẹ látìgbà tí òjò ti dá," ni Takkó wí.
"Bí mo bá fún ọmú rẹ̀ gbẹ,
kí lọmọ yóò fi bá òjò mìíràn láyé?"

Bírò pupa kì í parẹ́.
Mo fa ìlà gba orí OMI, mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé:
ọmọ màálù ló mu ìyókù.
Ọ̀gá mi bi mí pé ibo ni kí òun ti kó ìyẹn sí nínú ìṣirò.
N kò mọ̀.

Lálẹ́, mo já ewé bomubómu lẹ́yìn ọgbà,
tùnfáfíyà ni wọ́n ń pè é níhìn-ín.
Mo gún un, mo fún omi rẹ̀ sínú wàrà Takkó lórí iná.
Ó dì. Ó kéré, kò tó àtẹ́lẹwọ́, ó sì le díẹ̀.
Mo gé e jẹ lórí ìdúró.
Ó ké kín-ín.