Má Yọ Ìlà Yìí

Aago méjì òru, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Ẹ̀pẹ́,
yàrá yìnyín ń kùn bí ológbò tó yó.
Mo jókòó sẹ́yìn ìwọ̀n, kọ̀ǹpútà lórí páálí ẹja,
mo ń ṣọ́ dátà mi bí ẹni ń ṣọ́ omi ìsàlẹ̀ àmù.
Ìlà aláwọ̀ ewé kan ń rákò lójú gíláàsì,
ó dúró, ó tún rìn.

Èdè tuntun ló ń bọ̀.
Orúkọ erè ni àwọn tó ṣe é fi pè é.
Ṣùgbọ́n erè inú igbó, bó bá bọ́ awọ, á fi awọ sílẹ̀ lọ;
tiwa yìí, awọ àtijọ́ ṣì ń mí,
òun ló ń ka ẹja fún wa lójoojúmọ́.
Tájù ló fi í kọ ètò wa kó tó kú,
Tájù tí kì í jẹ ẹja, tó ní òórùn rẹ̀ ń yọ òun lẹ́nu.

Ṣówùnmí, ọ̀rẹ́ mi ní Ìkòròdú,
ó ní tuntun dé, kí ògbólógbòó kó ẹrù rẹ̀.
Ó fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.
Lọ́jọ́ kejì, kọ̀ǹpútà ò rí kọ́kọ́rọ́ ilé ara rẹ̀ mọ́.
Ó gbé e wá bá mi nínú àpò ìrẹsì,
bí ẹni gbé òkú ewúrẹ́.

Èmi ò fọwọ́ kan àgbà.
Mo wá yàrá fún àlejò lẹ́yìnkùlé,
mo so nọ́ńbà mọ́ orúkọ rẹ̀,
bíi tilé wa: Síkírù ńlá, Síkírù kékeré.
Nítorí bí mo bá kígbe orúkọ lásán,
ẹ̀rọ á yọjú sílé àkọ́kọ́, á yọjú síkejì,
ẹni tó bá kọ́kọ́ bá ni yóò jẹ́ mi,
ìbáà má ṣe òun ni mo ń wá.

Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nìlú yìí náà rí?
Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ wà nílẹ̀, Èkó-Ẹ̀pẹ́ bá omi dé.
Wọ́n jà, wọ́n sinmi,
ọ̀sà kan náà ni wọ́n ń pọn.

Tuntun kọ́kọ́ bínú: ó ní mo gbàgbé àmì àkámọ́.
Àgbà kì í béèrè ìyẹn; o ní kó tẹ̀ ẹ́, á tẹ̀ ẹ́.
Mo fi àkámọ́ sí i, mo ń ṣépè lábẹ́ ahọ́n.
Ìṣirò ló gbé mi dìde lórí àpótí.

Pín méje sọ́nà méjì.
Àgbà ní mẹ́ta.
Tuntun ní mẹ́ta ààbọ̀.
Mo tún un pín. Mẹ́ta. Mẹ́ta ààbọ̀.
Ọdún mẹ́sàn-án la ti ń fi ẹnu àgbà pín owó
fáwọn obìnrin ọlọ́bọ̀kún.
Ibo ni ààbọ̀ ń wọlé sí?
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí òkú.

Mo yí ètò náà lọ sísàlẹ̀, ìlà lórí ìlà,
títí mo fi kan ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kì í kà,
Tájù kọ ọ́ láìfàmì sí i, bí ìṣe rẹ̀:
*Ma yo ila yii o. Ohun to ba ku, ti Iya Safura ni.
Oko re ko pada lati odo.*

Ìyá Sàfúrà! Tó ń gba àpòòwé níparí oṣù,
tí alága ń gba ọpẹ́ rẹ̀.

Iná tún lọ.
Mo mọ̀ pé ọ̀nà wà: ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ méjì dípò ẹyọ kan,
tuntun náà á kọ́ bí a ṣe ń gé ààbọ̀ sílẹ̀.
Bó dọ̀la. Tàbí lẹ́yìn ọdún.
Lónìí, kí tuntun máa wọn ẹja, kó máa tẹ rìsíìtì;
tó bá di owó pínpín, àgbà ni n ó pè.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti ń kan èbúté.
Mo gbọ́ ohùn obìnrin kan nínú òkùnkùn,
ó ń béèrè bóyá ìwọ̀n ti ṣí.