Igba Ó Dín Kan

Nílé Àǹtí Fẹ́híntọ́lá, ní Mákùn, ní Ṣàgámù,
obì ni mo fi kọ́ ìṣirò.
Yàrá ẹ̀yìn, agbọ̀n mẹ́fà,
ewé gbòdògì tútù nílẹ̀,
èmi ọmọ ọdún mẹ́jọ lórí àpótí.
Igba. Igba. Igba.
Ọkọ̀ tó ń lọ Kánò kì í dúró de ọmọdé.

Bí igba bá pé, mo jẹ ìkọ́kọrẹ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò.
Bó bá dín kan,
àǹtí á já bẹ́líìtì ọkọ wọn lára ìṣó,
wọ́n á ní kí n máa kà á sókè,
kí n má ṣì í kà,
torí bí mo bá ṣì í kà
orí ọ̀kan la ó ti tún bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní àwọn ń tọ́ mi ni.
Bàbá mi wá kí wa lọ́jọ́ Kérésì.
Wọ́n rí èjìká mi. Wọ́n mu omi.
Wọ́n ní, "Ṣé ò ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu?"

Inú obì ni kòkòrò tó ń jẹ obì ń gbé.
Mo ti fi èékánná yọ ọ́ láàyè rí,
funfun, ó sanra, kò lójú.
N ò mọ̀ pé ìtàn ilé wa ni mo gbé lọ́wọ́.

Ìyá Kúbúrà, lẹ́yìn ògiri,
kì í béèrè nǹkan kan.
Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, àkísà, òrí.
Lálẹ́ ọjọ́ kan ṣá, wọ́n ní,
"Ìwọ kọ́ lò ń jí i o.
Mo máa ń rí ọkọ ẹ̀, ó ń dá obì sápò."
Gbólóhùn kan péré.
Mo jẹ ẹ́ fún ọdún mẹ́rin, kò tán.

Ẹ wo bí Yorùbá ṣe ń kà:
ọ̀kànlá, èjìlá, ẹ̀tàlá, ẹ̀rìnlá,
lílé ni gbogbo wọn.
Ó dé ẹ̀ẹ́dógún, ó di dídín.
Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí
lọ́jọ́ tí mo dín ara mi kúrò nílé yẹn.
Òjò ṣú. Mo fi agbọ̀n sílẹ̀ ní àádọ́sàn-án,
mo gba ọ̀nà Ìperu,
bàtà kan já, mo gbé e lọ́wọ́.
Ẹ̀yìn mi ń retí kí ẹnì kan pè mí.
Kò sẹ́ni tó pè.

Mo ti lé ní ogójì báyìí.
Aṣọ iléèwé ni mò ń rán ní Ìlíṣàn.
Bí irin bẹ́líìtì bá dún ní yàrá tọ́kọ mi ti ń múra,
ẹsẹ̀ mi á dúró lórí ẹ̀rọ.
N ò ní parọ́ pé ó ti tán.
Mo ṣì máa ń ka àtẹ̀gùn ilé onílé.

Lánàá, mo ní kí Fìyìnfólú
ka ogún bọ́tìnì wá fún mi.
Mo kà á, ó dín kan.
Mo tún un kà. Àyà mi já.
Mo gbójú sókè:
gúgúrú ló ń jẹ.
Ó ní, "Ó dín kan? Áà, ó ti já sábẹ́ àga nìyẹn,"
ó da ikùn délẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ń wá a,
ó ń kọrin tí kò mọ ìparí ẹ̀,
àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síta,
eruku lára wọn,
kò fi wọ́n pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ní kó dìde, kó fi sílẹ̀.
Mo to bọ́tìnì sórí tábìlì.
Mọ́kàndínlógún. Mo pè é sókè.
Ó pé.